Bí A Ṣe Ń Bi Egungun Àtijọ́ Léèrè Ọ̀rọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gbé Òṣogbo

Ní Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọkùnrin kan lára àwọn tí mo ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè gbé nǹkan kan wá bá mi nílé. Ó fi ọ̀rá dúdú wé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó ní òun rí i lẹ́bàá oko bàbá àgbà òun lọ́nà Ìkìrun, ó sì dá òun lójú pé egungun ẹranko ayé àtijọ́ ni. Nǹkan náà dúdú, ó wúwo, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀ bí ihò inú egungun màlúù. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára sípíkà rédíò àtijọ́ kan, mo sún un mọ́ ọn, ó sì fà á. Ìdàrọ́ ni, èyíinì ni pàǹtírí tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ayé ọjọ́un bá yọ́ irin tán. Ojú ọmọ náà fà ro. Mo ní kó jókòó, kó sọ ibi tó ti rí i gan-an fún mi, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, àti ohun mìíràn tó wà nítòsí rẹ̀. Nínú ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹyọ kan péré ló lè dáhùn, kò sì dáhùn ún tán.

Ìdáhùn tí kò ní lọ́jọ́ yẹn ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí egungun àtijọ́ ń sọ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bi í léèrè, kí ó sì to ìbéèrè rẹ̀ bó ṣe yẹ: ibi tí nǹkan náà ti wá ni kó kọ́kọ́ bi, ohun tó jẹ́ ni kó tẹ̀ lé e, bí ẹranko tó ni ín ṣe gbé ayé ni kó sì fi kádìí. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ yóò sọ ìtàn tó dùn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò fi ti ìtàn náà lẹ́yìn.

Ohun tí fọ́sìlì jẹ́

Fọ́sìlì ni ohunkóhun tó ṣẹ́kù lára ẹ̀dá tó gbé ayé nígbà láéláé, tí ilẹ̀ sì pa mọ́: egungun, eyín, ìkarahun, ewé, ojú ẹsẹ̀, ihò tí kòkòrò gbẹ́, títí kan ìgbẹ́. Kò rọrùn kí ẹranko kan tó di fọ́sìlì. Bí ewúrẹ́ bá kú sí ẹ̀yìnkùlé lónìí, ajá àti igún yóò jẹ ẹran ara rẹ̀, kòkòrò yóò jẹ èyí tó kù, oòrùn àti òjò yóò sì sọ egungun rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé ewúrẹ́ kú síbẹ̀ rí. Àfi bí ẹrọ̀fọ̀, iyanrìn tàbí eérú òkè ayọnáyèéfín bá tètè bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fọ́sìlì fi jẹ́ ti ẹ̀dá inú omi, tàbí ti ẹranko tó kú sétí omi, níbi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń rọ̀ sísàlẹ̀ lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti bò ó, ọ̀nà tó ń gbà di òkúta kò pọ̀. Omi inú ilẹ̀ tó gbé èròjà òkúta dání lè máa wọ inú ihò egungun díẹ̀díẹ̀, kí èròjà náà sì máa dì síbẹ̀ títí egungun yóò fi wúwo bí òkúta, síbẹ̀ tí bátànì ihò inú rẹ̀ kò ní yí padà. Ìkarahun sì lè yọ́ dànù nínú òkúta tó ti le, kí àyè rẹ̀ ṣófo, kí èròjà mìíràn wá kún ibẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń rọ idẹ ní Òṣogbo níbi tí wọ́n ti ń fi amọ̀ bo ìda, tí wọ́n ń yọ́ ìda náà jáde, tí wọ́n sì ń da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀, ti mọ iṣẹ́ yìí tán kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. Ti ewé àti ti ìyẹ́ tún yàtọ̀, nítorí ara wọn lè lọ pátápátá kí àmì wọn nìkan ṣẹ́kù, bíi ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí a ti fọ ẹ̀kọ rẹ̀ dànù ṣùgbọ́n tí ọnà tí ẹ̀kọ náà bò kò kúrò lára aṣọ.

Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ Òṣogbo

Mo fẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ èyí kí ó tó gbé ọkọ́. Òkúta tó wà lábẹ́ Òṣogbo, Ìkìrun àti Iléṣà, àti lábẹ́ apá tó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ òkúta ìpìlẹ̀ tí iná àti ìwúwo inú ilẹ̀ ti sè, tí wọ́n sì ti lọ́ mọ́ra, kí ẹranko elégungun kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbígbẹ. Bí nǹkan kan bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ rí, sísè yẹn á ti pa á rẹ́. Egungun tí a bá rí nínú iyanrìn odò, egungun màlúù àná ni. Ẹ má sì torí fọ́sìlì wọ inú Igbó Ọ̀ṣun lọ gbẹ́lẹ̀. Ibi mímọ́ ni, ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ti àjọ UNESCO láti 2005, kò sì sí ohun tí à ń wá níbẹ̀.

Òkúta tí à ń wá ni èyí tí omi tò ní ìpele-ìpele, àwọn bí òkúta ẹfun, òkúta amọ̀ àti òkúta iyanrìn. Èyí tó sún mọ́ wa jù tó sì lókìkí ni ti Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, òkúta ẹfun tó kún fún ìkarahun ẹ̀dá inú òkun, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún. Òkúta yìí ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sun láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, nítorí náà bí bíríkìlà kan ní Òkè-Fìà bá ń po sìmẹ́ǹtì tó ti Ewékorò wá, ìkarahun àtijọ́ wà lára ohun tó ń pò.

Ẹ wò ó bí ibi tí a ti rí nǹkan ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣáájú nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ní agbègbè Sókótó, níbi tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀ gbẹ, wọ́n rí egungun ẹranko afàyàfà ńlá kan tó ń gbé inú òkun, tí wọ́n ń pè ní Goronyosaurus nítorí ìlú Goronyo tó wà níbẹ̀. Kí a tó ka eyín ẹnu rẹ̀ rárá, a ti mọ̀ pé òkun ti dé Sókótó rí, ní ìgbà tí àwọn dáínósọ̀, ọ̀wọ́ ẹranko afàyàfà ayé àtijọ́, ṣì wà láyé. Ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, láti inú òkúta tí wọ́n ń pè ní Ameki, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Charles Andrews ṣàpèjúwe àbùùbùtán àtijọ́ kan ní 1920, ó sì sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi. Àwọn ìbátan àbùùbùtán náà tó gbé ayé ní nǹkan bí ìgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ṣì ní ẹsẹ̀: èyí tí wọ́n rí ní Perú, tí wọ́n kéde ní 2019, ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó sì ní pátákò kéékèèké lórí ìka. Ní orílẹ̀-èdè Niger tó múlé tì wá, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Gadoufaoua nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ọ̀nì kan tó gùn tó mítà 9 ó kéré tán ti hú jáde láti inú òkúta. Ọ̀nì kì í gbé inú aṣálẹ̀. Odò ló wà níbẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, ìpele tó wà nísàlẹ̀ ló dàgbà jù, àfi bí ilẹ̀ bá ti dojú dé. Ọ̀nà kábọ́ọ̀nù tí àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ kò wúlò kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé òun fi í díwọ̀n egungun dáínósọ̀ kò mọ ohun tó ń sọ. Ohun tí wọ́n ń díwọ̀n ni èròjà inú eérú òkè ayọnáyèéfín tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ egungun náà, èyí tó ń yí padà ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀.

Ilé ìdáná ni kíláàsì àkọ́kọ́

Kò sí ẹni tó lè ka egungun tó ti di òkúta bí kò bá tíì ka egungun tútù. Ẹ lọ bá alápatà ní Ọjà Ọba, kí ẹ ra orí ewúrẹ́ pẹ̀lú páárì rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ayùn la egungun itan màlúù kan fún yín ní ìbú. Nígbà tí ẹ bá jẹ ẹran náà tán, ẹ tún egungun náà sè, ẹ ha ara rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Mo ti fi bílíìṣì fọ egungun rí nítorí pé mo fẹ́ kó funfun. Ó funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mélòó kan ó ń bó bí ògiri tí omi ti mu.

Ẹ wo ojú ibi tí alápatà ti la egungun náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, ó sì dán. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí mùdùnmúdùn wà, rí bí kànrìnkàn tàbí bí búrẹ́dì. Bátànì kànrìnkàn yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí à ń wá lára òkúta tí a fura sí, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí òkúta lásán ní ara líle lóde, kànrìnkàn nínú, kí méjèèjì sì so kọ́ra láìsí àlàfo. Ihò ara ìdàrọ́ ọmọ yẹn kò tò lọ́nà kankan; afẹ́fẹ́ gbígbóná ló lu wọ́n. Àwọn onímọ̀ kan máa ń fi ahọ́n kan ohun tí wọ́n rí, nítorí egungun àtijọ́ tó gbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Èmi kì í jẹ́ kí ọmọdé dán an wò. Ìka tí a ti fi omi tutù díẹ̀ tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú páárì ewúrẹ́. Kò ní eyín iwájú lókè rárá. Ti ìsàlẹ̀ ló fi ń tẹ ewé mọ́ òkè ẹnu kó tó já a. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀, igun wẹ́wẹ́ sì wà lórí wọn bí ojú ọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún sọ. Bí ẹ bá ní ajá tó jẹ́ onínúure, ẹ ya ẹnu rẹ̀ wò: eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bí abẹ àlùmọ́gàjí, èyí òkè àti èyí ìsàlẹ̀ a sì máa kọjá lára ara wọn. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un èwo ló ń jẹ ewéko. Eyín sì ni ohun tó máa ń pẹ́ jù lára òkú ẹranko, nítorí èèpo funfun rẹ̀ le ju egungun lọ. Ọ̀pọ̀ ẹranko àtijọ́ wà tó jẹ́ pé eyín wọn nìkan la fi mọ̀ wọ́n. Láti Gadoufaoua kan náà ni wọ́n ti rí Nigersaurus, dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn tó gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 110 ọdún sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ́jú níwájú bí ojú ṣọ́bìrì. Eyín inú rẹ̀ lé ní 500, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lẹ́yìn ara wọn tí wọ́n ń dúró de kí ti iwájú já. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kò wà fún gígé ẹ̀ka igi gíga, bí ọrùn ẹranko náà tilẹ̀ gùn. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ gbà pé ewéko tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń jẹ, bí màlúù ṣe ń jẹko.

Adìyẹ ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ adìyẹ kan tán, kí ẹ wá egungun kékeré tó wà lókè àyà rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ méjì bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ. Ẹ tún ṣẹ́ egungun apá rẹ̀, èyí tó sún mọ́ ara jù, kí ẹ wo inú rẹ̀: ó ṣófo. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó jù ú sínú ìkòkò, ẹ wo ìpẹ́ ara rẹ̀ àti ìka mẹ́ta tó kọjú síwájú. Egungun ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn wà láyà Tyrannosaurus rex, dáínósọ̀ ńlá ajẹran, náà; ọ̀pọ̀ egungun rẹ̀ ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà; ìka mẹ́ta ló sì fi ń tẹ ilẹ̀. Ní 1861, wọ́n kéde ẹ̀dá kan láti inú òkúta ẹfun ilẹ̀ Jámánì, Archaeopteryx, tó ní ìyẹ́ bíi ti ẹyẹ ṣùgbọ́n tó ní eyín lẹ́nu àti ìrù elégungun gígùn. Ní 1996, wọ́n kéde dáínósọ̀ kékeré kan láti ilẹ̀ Ṣáínà, Sinosauropteryx, tí ìyẹ́ múlọ́múlọ́ bò lára, nígbà tó sì di 2010, àwọn onímọ̀ rí àmì àwọ̀ nínú ìyẹ́ náà, wọ́n sì sọ pé ìrù rẹ̀ ní ilà pupa rúsúrúsú àti ilà funfun. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má sọ pé gbogbo dáínósọ̀ ló ti kú tán. Àwọn kan wà nínú ọbẹ̀.

Ojú ẹsẹ̀, àti bí a ṣe ń díwọ̀n rẹ̀

Egungun lè ṣàn lọ pẹ̀lú omi jìnnà sí ibi tí ẹranko kú sí. Ojú ẹsẹ̀ kì í ṣí kúrò níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ohun tí alààyè ṣe ló ń sọ. Ní Laetoli ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ní 1978, àwọn tó ń bá Mary Leakey, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ṣiṣẹ́ rí ojú ẹsẹ̀ àwọn tó fi ẹsẹ̀ méjì rìn lórí eérú òkè ayọnáyèéfín tí òjò ti rẹ, ní mílíọ̀nù 3.6 ọdún sẹ́yìn. Ti erin àti ti ẹtù sì wà lórí eérú kan náà.

Iṣẹ́ yìí ṣeé kọ́ ní Òṣogbo láìná kọ́bọ̀. Ẹ dúró de òjò, kí ẹ lọ sí pápá tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kí ọmọ kan bọ́ bàtà, kó rìn kọjá, kó tún sáré kọjá. Ẹ fi téèpù díwọ̀n gígùn ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, yóò jẹ́ 96. Ìyẹn ni gíga láti ilẹ̀ dé oríkèé ìdí, bí ẹ bá sì díwọ̀n ọmọ náà, kò ní jìnnà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ díwọ̀n láti ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún kan dé ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi gíga yẹn pín in. Bí ìgbẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 130, ìdáhùn kò tó 1.4, bó bá jẹ́ 290, ó tó 3. Èyí tí kò bá tó 2, ìrìn ni. Èyí tó bá kọjá 2.9, eré ni. Robert McNeill Alexander, onímọ̀ nípa ẹranko, ló fi irú ìṣirò yìí lélẹ̀ fún ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀ ní 1976, lẹ́yìn tó ti wo bí ènìyàn àti ẹranko tó wà láàyè ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ìdíyelé ni o, kì í ṣe òdiwọ̀n tó pé pérépéré, ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ tó máa ń yọ̀ sì lè tan ẹni tó ń wọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ mú ojú ẹsẹ̀ náà wálé, ẹ bẹ àwọn tó ń ṣe POP sí òkè ilé kí wọ́n bu díẹ̀ fún yín. Ẹ gé ike kun àtijọ́ ní òrùka, kí ẹ fi yí ojú ẹsẹ̀ náà ká. Ẹ po POP títí yóò fi ṣàn bí ògì tí a fẹ́ mu, ẹ rọra dà á láti ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà gbẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tó bá ń dì, nítorí ó máa ń gbóná débi tó lè jó ni. Ohun tí ẹ óò gbé jáde yóò yọ síta níbi tí ojú ẹsẹ̀ ti jìn, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni iyanrìn tó kún ojú ẹsẹ̀ dáínósọ̀ ṣe máa ń di òkúta.

Ẹjọ́ tí wọ́n dá lódì

Ìgbà mìíràn wà tí a ti mọ ibi tí egungun ti wá, tí a sì ti mọ̀ pé egungun ni, síbẹ̀ tí a tún ṣì í. Gideon Mantell, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ dáínósọ̀ kan ní Iguanodon ní 1825 nítorí pé eyín rẹ̀ jọ ti aláǹgbá ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Egungun ṣóńṣó kan tún wà lára ohun tí wọ́n rí, ó sì fi í sórí imú ẹranko náà bí ìwo. Ní 1878, àwọn tó ń wa èédú ní Bernissart ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan egungun irú ẹranko yìí, ó lé ní 30, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Àtàǹpàkò ọwọ́ ni ìwo náà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti dáínósọ̀ kan tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Gobi ní Mòǹgólíà ní 1923. Wọ́n bá a lórí ìtẹ́ ẹyin. Wọ́n gbà pé ẹyin ẹranko mìíràn ni, nítorí egungun ẹranko yẹn ló pọ̀ ní agbègbè náà. Nígbà tí onímọ̀ kan, Henry Osborn, sì fún un lórúkọ ní 1924, Oviraptor ló pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni olè ẹyin. Wọ́n ká a mọ́ ibi ìtẹ́, wọ́n sì dá a lẹ́bi láìsí ẹlẹ́rìí. Nígbà tó di 1993, wọ́n rí irú ẹyin kan náà tí egungun ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀, ọmọ ọ̀wọ́ Oviraptor sì ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún rí àwọn ìbátan rẹ̀ tó kú lórí ìtẹ́, tí wọ́n na apá bo ẹyin yí ká, gẹ́gẹ́ bí àgbébọ̀ ṣe ń sàba. Òfin àwọn onímọ̀ kò gbà kí wọ́n yí orúkọ tí ẹnìkan ti kọ́kọ́ sọ ẹ̀dá padà nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà, nítorí náà olè ẹyin ni wọ́n ṣì ń pè é títí di òní.

Níbi tí wọ́n ti kọsẹ̀ nìyí: pé wọ́n rí egungun lórí ẹyin jẹ́ òótọ́, pé ó wá jí i kó kì í ṣe ohun tí wọ́n rí. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ fa ilà sí àárín ojú ewé. Ohun tí ojú rí àti ohun tí téèpù wọ̀n ni kí ẹ kọ sí apá òsì. Ohun tí ẹ rò ni kí ẹ kọ sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú ohun tó lè mú kí ẹ yí èrò yín padà. Àwọn ọmọ máa ń kọ ohun tó pọ̀ gan-an sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, kí n tó wá bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fojú rí.

Bí ẹ bá rí i nígbẹ̀yìn

Ẹ̀yin tó ń rìnrìn àjò lọ sí Ewékorò, Gombe tàbí Sókótó lè rí ohun gidi lójọ́ kan. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ má sì sún mọ́ ògiri òkúta ní ibi ìfọ́kúta, torí ó lè ya lulẹ̀ nígbàkigbà. Bí ẹ bá rí i, ẹ má tíì gbé e. Ẹ fi báírò tàbí rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ yà á ní fọ́tò láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì tún ya ọ̀kan láti òkèèrè tó máa fi gbogbo ibẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí fóònù sọ ibi tí ẹ wà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, irú òkúta, àwọ̀ ìpele tó ti yọ jáde, àti bóyá inú òkúta ló wà ni tàbí ó ti já bọ́ sílẹ̀. Bó bá ṣì wà nínú òkúta, ẹ fi í síbẹ̀. Bó bá ti já, ẹ fi tíṣù wé e, kí ẹ tún fi ìwé ìròyìn wé e. Ẹ má fi gúlù lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi òróró pa á, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ fọ̀ ọ́.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀dá àti òkúta sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ẹ gbé fọ́tò àti àkọsílẹ̀ yín lọ bá wọn ṣáájú kí ẹ tó gbé nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ẹ má tà á fún àjèjì tó ní òun fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Òfin orílẹ̀-èdè wa láti 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba àṣẹ.

Mo ní òkúta oníkarahun méje nínú agolo mílíìkì kan lórí tábìlì mi. Mo ṣa márùn-ún ní Ewékorò. Ọ̀rẹ́ mi kan kó méjì bọ̀ fún mi láti Gombe, níbi tí òkúta ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò kọ nǹkan kan sára wọn nítorí mo rò pé mi ò lè gbàgbé, mo sì kó wọn pọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń ṣí kúrò nílé kan sí òmíràn. Lónìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni ti Ewékorò, èyí ni ti Gombe. Wọ́n lẹ́wà, mo sì máa ń fi wọ́n han àlejò, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ́rìí sí ohunkóhun mọ́. Nítorí náà, ẹ kọ lébẹ́ẹ̀lì méjì, ọ̀kan nínú ọ̀rá, ọ̀kan lára ọ̀rá, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ èyí tó wà nínú, torí omi kì í tètè pa á rẹ́.

Ọmọkùnrin onídàrọ́ yẹn padà sí oko ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti bàbá rẹ̀. Ìdàrọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì, pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: “Ìdàrọ́. Oko lọ́nà Ìkìrun, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò, orí ilẹ̀ ni, kì í ṣe inú ilẹ̀. Àfọ́kù amọ̀ tó jóná wà nítòsí, mo ka márùn-ún. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.”